Ẹṣin Gígùn Lẹ́yìn Ọgọ́ta Ọdún: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Mẹ́ta

Láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ẹṣin pọ̀ púpọ̀ nínú àwọn lẹ́tà tí ẹ ń kọ sí ojú ewé yìí. Ohun tí ó jọ mí lójú ni pé àwọn tí ń kọ ọ́ kì í ṣe ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ ọ, bí kò ṣe àwọn àgbà tí ó ti gùn ún rí, tí iṣẹ́ àti ọmọ títọ́ gbé kúrò lórí rẹ̀, tí ọkàn wọn sì tún ń fà sí i. Mẹ́ta ni mo mú nínú wọn. Èyí àkọ́kọ́ ni mo dáhùn ní kíkún jù, nítorí pé ohun tí ẹni náà bi mí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín ń bi mí.

Ìbéèrè kìíní

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, láti ìdílé ọ̀kan nínú àwọn Balógun, mo sì pé ẹni ọdún 63 ní oṣù tí ó kọjá. Láti ọmọ ọdún 17 ni mo ti ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n mi gun ẹṣin lọ sí Ojúde Ọba, títí di ìgbà tí mo pé ọdún 31, tí iṣẹ́ gbé mi lọ sí Èkó, tí mo sì fi í sílẹ̀. Láti ìgbà tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin ti gba ìgboro kan ní ọdún 2024 ni ara mi kò ti balẹ̀ mọ́. Àwọn ẹbí ti ní kí n gùn tẹ̀lé àwọn ní Iléyá tí ń bọ̀. Mo wọn kílò 88, mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún ọ̀tún a sì máa dùn mí bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn. Ìyàwó mi ní n kò gbọdọ̀ dán an wò. Ṣé ó ti pẹ́ jù fún mi ni?
Ọmọ Balógun, Ṣómólú

Ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n mi, kò pẹ́ jù. Mo tètè sọ ìyẹn kí ọkàn yín lè balẹ̀ ka ìyókù. Ọkùnrin tí ẹ dárúkọ yẹn ti kọjá ẹni àádọ́ta ọdún dáadáa nígbà tí wọ́n ya àwòrán náà, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé láti ọdún 2014 ni òun ti ń bá àrùn jẹjẹrẹ jà. Iye ọdún nìkan kọ́ ni ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìlérí kan wà tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín kí a tó lọ síwájú: ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ Ojúde Ọba jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ìdí yín yóò tún kan gàárì lẹ́yìn ọdún 32.

Ẹ rántí bí ọjọ́ náà ṣe ń rí. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, èrò á ti kún iwájú ààfin Awùjalẹ̀ dẹ́nu, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jọ́ orí kan náà, á ti jó kọjá, ìlù á máa dún ní ọ̀tún àti ní òsì, àwọn ìdílé Balógun á sì máa yìnbọn bí wọ́n ṣe ń wọlé ní ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ẹṣin tí ẹ ó gùn náà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọjọ́ mélòó kan péré ṣáájú ni ọkọ̀ gbé e dé láti Òkè Ọya, nítorí pé eṣinṣin tí ń gbé àrùn oorun kiri kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé nínú igbó ìhà ọ̀dọ̀ wa, láti ayé ọmọ ogun Ọ̀yọ́ ni ó sì ti rí bẹ́ẹ̀. Ẹṣin náà kò mọ̀ yín. Bí ìbọn bá dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò ta sí ẹ̀gbẹ́ kan láìròtẹ́lẹ̀. Ọmọ ọdún 25 ni ìdí rẹ̀ á ti bá ẹṣin lọ kí òun gan-an tó mọ̀ pé ẹṣin ti ṣí. Ẹni ọdún 63 tí kò gùn ún láti ọjọ́ pípẹ́ ni ara rẹ̀ ń gbọ́ ìròyìn náà lẹ́yìn tí ẹṣin ti kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe pé mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ní ọdún tí mo pé 54 ni èmi náà padà, lẹ́yìn ọdún 26 tí n kò ti fọwọ́ kan ìjánu. Mo yá ẹṣin ní ibì kan tí wọ́n ti ń fi í gbé àwọn àlejò kiri. Bí mo ṣe di gọ̀gọ̀ rẹ̀ mú tí mo sì jókòó, ohun gbogbo padà sí mi lọ́kàn: bí a ṣe ń mú ìjánu ní ìwọ̀nba, bí a ṣe ń yí ojú sí ibi tí a ń lọ kí ẹṣin tó yí ọrùn síbẹ̀. Òórùn rẹ̀ nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú omi bọ́ lójú mi. Itan mi ni kò rántí ohunkóhun. Kò tíì tó ogún ìṣẹ́jú tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí n kò sì lè fi há ẹ̀gbẹ́ ẹṣin mọ́. Ẹni tí ó di gàárì náà fún mi kò dì í le, èmi náà kò sì yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ ni mo ti mọ̀ láti kékeré pé ẹṣin a máa fẹ́ ikùn nígbà tí a bá ń di gàárì mọ́ ọn, pé lẹ́yìn ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni ọ̀já abẹ́ ikùn rẹ̀ ń dẹ̀, tí ó sì yẹ kí a tún un fà. Nígbà tí ẹṣin yà sí òsì, gàárì yí, èmi náà sì bá gàárì yí. Èjìká ni mo fi balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni n kò fi lè gbé ọwọ́ náà kọjá etí. Àwọn àgbà ní bí ẹṣin bá dá ni, ṣe ni à ń tún un gùn. Mo tún un gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin ni mo kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́ lórí ẹsẹ̀ ara mi.

Ibẹ̀ ni kí ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀, nínú yàrá yín, kí ẹ tó wá ẹṣin kankan. Ẹ gbé àga tí kò ní ìgbọ́wọ́lé ti ògiri, ẹ jókòó, ẹ ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà, kí ìyàwó yín sì máa wo aago fún ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ẹ dìde dúró ṣánṣán, ẹ jókòó, ẹ tún dìde, kí ẹ sì máa kà á. Àwọn oníṣègùn ń lo ìdánwò yìí láti mọ àgbà tí ó súnmọ́ kí ó ṣubú: ọkùnrin ọdún 60 sí 64 tí kò bá lè dìde tó ìgbà 14, agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tó ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, fún obìnrin ọjọ́ orí kan náà, ìgbà 12 ni. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí ẹ sì ṣe bákan náà lórí ẹsẹ̀ kejì. Ẹ má ṣe fojú kéré èyí. Nígbà tí ẹ bá ń gun ẹṣin láti apá òsì, ó ní ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan tí gbogbo kílò 88 yẹn ń bẹ lórí ẹsẹ̀ òsì nìkan, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún sì wà lókè. Ìgbà tí àgbà bá ń gun ẹṣin àti ìgbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni mo ti ń rí i tí ó ń farapa jù, nígbà tí ẹṣin tilẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Bí ẹ kò bá yege, kò burú: ẹ máa dìde lórí àga ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá láàárọ̀ àti ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá lálẹ́, ẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, ẹ ó rí ìyàtọ̀ láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta.

Ní ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ sọ fún dókítà yín ní tààràtà pé ẹṣin ni ẹ fẹ́ gùn. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ kàn fẹ́ máa ṣe eré ìdárayá, nítorí ìdáhùn tí yóò fún yín lórí ìyẹn yàtọ̀. Àwọn oògùn kan nínú ẹ̀yà yìí a máa mú kí òòyì kọ́ ènìyàn bí ó bá dìde lójijì, àwọn mìíràn a máa lé omi kúrò lára, oòrùn ọ̀sán àti agbádá wúwo sì ń fi kún un. Nítorí náà, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ yín ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gùn, kí ẹ sì mu omi dáadáa. Bí ẹ bá ti wà ní ilé ìwòsàn, ẹ béèrè ìgbà tí ẹ gba abẹ́rẹ́ tetanus gbẹ̀yìn. Bí ó bá ti lé ní ọdún 10, ẹ tún un gbà, nítorí pé kòkòrò àrùn náà ń gbé nínú ìgbẹ́ ẹṣin àti nínú ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀. Orúnkún yín kò ní dí yín lọ́wọ́, bí ẹ bá jẹ́ kí okùn irin tí a ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàárì gùn díẹ̀ ju bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń fẹ́ ẹ lọ. Okùn kúkúrú ni ó ń ká orúnkún kò tí ó sì ń mú un ro.

Mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ẹṣin náà pẹ̀lú, nítorí ẹ̀mí ni, kò sì lè kọ lẹ́tà sí mi. Ìlànà tí àwọn tí ó mọ̀ nípa ẹṣin ń tẹ̀lé ni pé ohun tí a bá gbé lé e lẹ́yìn, ti ènìyàn, ti aṣọ àti ti gàárì, kò gbọdọ̀ ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ẹṣin tí ó wọn kílò 350 kò gbọdọ̀ gbé ju kílò 70 lọ. Bí a bá fi gàárì àti agbádá kún kílò 88 yín, a ti súnmọ́ 100, ẹṣin tí yóò gbé èyí láìní ìnira ní láti wọn tó kílò 500. Àwọn ẹṣin tí a sábà ń yá ní ìhà ọ̀dọ̀ wa kì í tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo máa ṣe bí èmi bá ni yín ni pé màá wá èyí tí ó tóbi jù, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gbòòrò, màá lo gàárì tí kò wúwo, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, n kò sì ní fi kẹ́sẹ́ gún un kí ó sáré fún ìran wíwò. Màá sì gbìyànjú láti dín kílò 8 kù kí Iléyá tó dé. Ẹ fọwọ́ ra ẹ̀yìn ẹṣin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ọ̀pá ẹ̀yìn kí ẹ tó gbà á: bí ó bá rẹ ara sílẹ̀ tàbí tí ó ká etí sẹ́yìn, gàárì ti dá egbò tàbí ìrora sí i lára, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gùn ún ní ọjọ́ náà.

Nígbà tí ẹ bá wá bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣe é bí ẹni tí ń kọ́ ọ. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ní ẹṣin jẹ́jẹ́, ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, kí ẹ máa lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ má sì ju ìṣẹ́jú 20 lọ ní oṣù àkọ́kọ́. Kí ẹnìkan mú okùn ẹṣin náà dání, kí ó máa rìn wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ̀yin yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú irin, kí ẹ jẹ́ kí ó rọ̀ sílẹ̀ gbọọrọ títí ìbàdí yín yóò fi tú. Bí ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bá wò yín, kí etí yín, èjìká yín, ìbàdí yín àti gìgísẹ̀ yín wà lórí ìlà kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbà ni ó ń tẹ̀ síwájú nítorí ìbẹ̀rù, ibi tí a sì ti ń ṣubú gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn tí ìrìn bá ti mọ́ yín lára ni kí ẹ tó gbà kí ẹṣin sáré díẹ̀.

Ẹ má ṣe ti orí ilẹ̀ gun ẹṣin mọ́. Ẹ lo àpótí tí ó le, tí ó ga tó orúnkún yín. Ó ń gba orúnkún yín là, ó sì ń gba ọ̀pá ẹ̀yìn ẹṣin là, nítorí pé bí a bá ń fi agbára fa ara wa sókè láti ilẹ̀, gàárì ń lọ́, ó sì ń fa ẹ̀yìn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nínú irin. Ẹ tẹ àyà síwájú mọ́ ọrùn ẹṣin, ẹ na ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn gba orí ìdí rẹ̀ kọjá, ẹ rọra yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí orúnkún sì tẹ̀ díẹ̀ bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ti kan àpótí. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀ nínú irin bí a ti ń ṣe ní ọ̀dọ́, bí ẹṣin bá ṣí ní ìṣẹ́jú yẹn, yóò wọ́ ọ nílẹ̀. Nítorí ọ̀rọ̀ wíwọ́ yìí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín nípa bàtà: kí ó ní gìgísẹ̀ díẹ̀, kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀ wọnú irin tán. Bàtà ọlọ́ṣọ̀ọ́ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ kò dára fún un, bí ó ti wù kí ó bá aṣọ mu tó.

Ó ku orí. Ní gbogbo ọjọ́ ìgbaradì, ẹ dé akoto tí a ṣe fún ẹṣin gígùn, tí àmì PAS 015 tàbí ASTM F1163 wà nínú rẹ̀, kì í ṣe akoto ọ̀kadà. Bí ẹ bá ti fi í ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ ọ́ nù, bí kò tilẹ̀ sán lójú. Ní ọjọ́ Ojúde Ọba, mo mọ̀ pé fìlà ni gbogbo ìdílé yóò dé, mo sì mọ ohun tí aṣọ ọjọ́ náà jẹ́ fún ọmọ Ìjẹ̀bú. Síbẹ̀, fìlà kì í gba agbárí sílẹ̀. Bí ẹ kò bá lè dé akoto, ẹ gbà kí géńdé kan tí ẹṣin náà mọ̀ dáadáa mú ìjánu rẹ̀ dání láti ìgbà tí ẹ bá gùn ún títí ẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì jìnnà sí àwọn tí ń yìnbọn. Kò sí ìtìjú nínú èyí.

Lákòótán lórí tiyín, ẹ bá ẹni tí ó ni ẹṣin ṣètò kí ẹṣin tí ẹ ó gùn lọ́jọ́ náà dé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ sì wọ agbádá yẹn gan-an gùn ún nígbà méjì ó kéré tán. Apá agbádá tí afẹ́fẹ́ bá gbé sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹṣin tí kò rí irú rẹ̀ rí lè dà á láàmú ju ìbọn lọ. Ẹ pe ìyàwó yín síbẹ̀ kí ó wá wò ó. Mo gbà pé ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ díẹ̀ bí ó bá rí i pé ẹ kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré.

Ìbéèrè kejì

Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń gbé, mo ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì jẹ́ ẹni ọdún 66. Kaduna ni wọ́n bí mi sí, níbi tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, láti ọmọ ọdún 9 títí di 16 ni mo sì fi ń gun ẹṣin aládùúgbò wa. Ilé ẹ̀kọ́ ẹṣin kan wà ní ojú ọ̀nà tí mo ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì máa ń dúró wò wọ́n láti ẹ̀yìn ọgbà. Àyẹ̀wò fi hàn pé eegun mi ti ń fúyẹ́, mo sì ń lo apixaban, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí ọkàn mi tí kì í lù déédéé. Ṣé mo lè padà?
Ọmọ Kaduna, Kent

Ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó dùn mí láti kọ èyí, ṣùgbọ́n ẹ kì bá tí kọ̀wé sí mi bí ẹ kò bá fẹ́ òótọ́. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe rí nísinsìnyí, mi ò fẹ́ kí ẹ gun ẹṣin fúnra yín kí ó máa sáré pẹ̀lú yín. Eegun tí ó fúyẹ́ lè ṣẹ́ ní ìbàdí tàbí ní ọ̀pá ẹ̀yìn nínú ìṣubú kékeré, ẹni tí ó sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bí ó bá fi orí gbálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn nínú agbárí rẹ̀ kí ó tó di pé ó mọ ohunkóhun lára. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ èyí jù mí lọ. Ohun kan tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ ni pé ẹ má ṣe dá oògùn yẹn dúró nítorí ẹṣin, kódà fún ọjọ́ kan, nítorí pé àrùn rọpárọsẹ̀ tí oògùn náà ń dènà rẹ̀ burú ju ìṣubú lọ.

Ẹ bi dókítà yín bí ìtọ́jú eegun bá lè mú nǹkan dára sí i, kí ẹ sì padà bi í lẹ́yìn ọdún kan. Bí ó bá gbà fún yín kí ẹ gun ẹṣin jẹ́jẹ́ tí wọ́n ń fà lókùn nínú ọgbà, tí kò ní ju rírìn lọ, ẹ lọ bá ilé ẹ̀kọ́ náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ń fún irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìwé àṣẹ, ẹ sì lè ní kí wọ́n fi tiwọn hàn yín. Wọn yóò fún yín ní fọ́ọ̀mù kí ẹ kọ àìsàn àti oògùn yín síbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n gbé yín sórí ìwọ̀n. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Ẹgbẹ́ Riding for the Disabled Association tún wà káàkiri ilẹ̀ náà fún àwọn tí àìlera ń dí lọ́wọ́, mo sì gbà yín níyànjú kí ẹ kàn sí ẹ̀ka wọn tí ó súnmọ́ yín. Ẹ̀wù tí ń fẹ́ bí bàlúù nígbà ìṣubú ń dáàbò bo àyà àti ẹ̀yìn, kì í dáàbò bo orí tàbí ìbàdí, nítorí náà ẹ má ṣe gbára lé e tán. Bí orí bá sì gbá nǹkan pẹ́nrẹ́n, ilé ìwòsàn ni tààrà, bí ara yín tilẹ̀ le koko.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń dúró wò láti ẹ̀yìn ọgbà yẹn kì í ṣe gàárì nìkan, ó dá mi lójú. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè gbà yín láti máa ṣèrànwọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká ẹṣin, nítorí pé ẹṣin ń rí ọ̀pọ̀ ohun tí ó yí i ká, ṣùgbọ́n kò rí ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an àti ohun tí ó wà ní iwájú orí rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gba ara rẹ̀ láti ọrùn lọ sí ìdí, ní ọ̀nà tí irun rẹ̀ gbà sùn. Bí ẹ bá dé abẹ́ gọ̀gọ̀, níbi tí ẹnu òun fúnra rẹ̀ kò dé, yóò na ètè òkè síwájú, ojú rẹ̀ á sì rọ̀. Èmi náà ṣe é ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí èjìká mi ń san, n kò sì lè sọ pé mo pàdánù nǹkan kan.

Ìbéèrè kẹta

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún bàbá mi kí wọ́n jáwọ́. Ìlọrin ni a ń gbé. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, ó ti tó ogójì ọdún tí wọ́n gun ẹṣin kẹ́yìn, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra akọ ẹṣin ọmọ ọdún mẹ́rin kan. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ọkùnrin kan láti Japan gun ẹṣin ní Òlíḿpíìkì ní ọmọ ọdún 71.
Àbígbẹ̀yìn, Ìlọrin

Ìdáhùn

Ọmọ mi, bàbá rẹ kò parọ́. Hiroshi Hoketsu ni orúkọ ọkùnrin náà. Ó kọ́kọ́ díje ní Òlíḿpíìkì Tokyo ní ọdún 1964, kò tún kópa níbẹ̀ mọ́ títí di ti Beijing ní 2008, ó sì tún lọ sí ti London ní 2012 nígbà tí ó pé ẹni ọdún 71. Ṣùgbọ́n sọ èyí tí ó kù fún wọn: láàárín ọdún 44 yẹn, kò fi ẹṣin gígùn sílẹ̀. Ara rẹ̀ kò gbàgbé nítorí pé kò fún un láyè láti gbàgbé.

N kò ní bá ọ sọ fún wọn kí wọ́n jáwọ́. Ẹṣin tí wọ́n rà ni ó ń bà mí lẹ́rù, kì í ṣe ọjọ́ orí wọn. Akọ ẹṣin ọmọ ọdún mẹ́rin kò tíì gbọ́n, ohun gbogbo ni ó ń yà á lẹ́nu, bí ó bá sì rí abo, kò ní rántí ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àgbà tí ń padà sórí ẹṣin ní láti gun ẹṣin tí ó ti dàgbà ní tirẹ̀, tí ó ti tó ọdún 10 sí 16, tí ó ti rí ọjà, ọ̀kadà àti òjò. Má ṣe bá bàbá rẹ jà lórí pé wọ́n ti darúgbó. Bá wọn sọ ọ́ pé kí wọ́n fi ẹṣin yẹn ṣe pàṣípààrọ̀, tàbí kí wọ́n gba ẹlẹ́ṣin tí ó já fáfá láti máa gùn ún fún ọdún méjì kí ó fi gbọ́n. Ìlọrin kò ṣaláìní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀rọ̀ ẹṣin, bàbá rẹ yóò gbọ́ ti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ju tìrẹ lọ, nítorí náà wá ọ̀rẹ́ wọn kan tí ó ti gùn ún rí kí ó bá wọn sọ ọ́.

Kí wọ́n má sì gùn ún ní àwọn nìkan. Kí fóònù wà lára wọn, kì í ṣe nínú àpò gàárì tí ẹṣin lè gbé sá lọ. Kí ìwọ náà kọ́ iṣẹ́ kékeré kan tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ: bí wọ́n bá gorí àpótí tí wọ́n fẹ́ gùn láti apá òsì, lọ dúró sí apá ọ̀tún ẹṣin, di okùn irin ẹsẹ̀ ọ̀tún mú, kí o sì fi ìwọ̀n ara rẹ fà á sísàlẹ̀ títí wọn yóò fi jókòó tán, kí gàárì má baà yí. Lẹ́yìn ìṣísẹ̀ bí ogún, dá ẹṣin dúró, kí o sì yẹ ọ̀já abẹ́ ikùn rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i.